Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùdarí Yàrá Àyẹ̀wò Ìlera ní Ilẹ̀ Olótùútù: “A Kò Rí I” Kò Tíì Tó

Ẹ̀yin olùdarí yàrá àyẹ̀wò ìlera gbogbo ènìyàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òtútù ti ń mú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, n kò sì ní fi yí pọ̀. Nígbà tí ẹ bá yẹ erùpẹ̀ wò fún àwọn àmíbà tó ń fa àrùn, tí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pé “a kò rí i”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe wá a. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ bu erùpẹ̀ náà, ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí kó tó dé orí tábìlì yín, àti iye àmíbà tí ì bá wà nínú gírámù kan kí ojú yín tó lè tó o. Láìsí èyí, ẹni tó ń ka ìròyìn náà kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló mọ́ tàbí ọ̀nà tí a gbà wá a ni kò tọ́. Iṣẹ́ mi ni wíwá àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí nínú ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára: mo mọ bó ṣe rọrùn tó láti wá nǹkan kan kí a sì fi ọwọ́ ara wa pa á kí a tó rí i.

Kí n kọ́kọ́ ya àwọn àmíbà tí mo ń sọ sọ́tọ̀. Wọn kì í ṣe irú èyí tó ń gbé inú ìfun tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Àmíbà adágbé ni wọ́n; wọn kò nílò ara ènìyàn kí wọ́n tó jẹ tàbí kí wọ́n tó pọ̀ sí i. Inú ilẹ̀ àti inú omi ni ilé wọn, bakitéríà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣe ilẹ̀ lóore, nítorí bí wọ́n ṣe ń jẹ bakitéríà ni wọ́n ń tú náítírójìn sílẹ̀ fún gbòǹgbò ewéko. Ṣùgbọ́n mẹ́ta wà láàárín wọn tí kò yẹ kí ẹ gbójú kúrò lára wọn.

Àkọ́kọ́ ni Naegleria fowleri, tí Malcolm Fowler àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Carter ròyìn àrùn rẹ̀ láti Ọsirélíà ní 1965. Inú omi tó gba imú wọlé ló ń bá wá, ó ń tọ iṣan tí a fi ń gbọ́ òórùn lọ tààrà sí ọpọlọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 1962 sí 2023, ènìyàn 164 ni wọ́n mọ̀ pé ó mú. Mẹ́rin péré ló yè. Èkejì ni Acanthamoeba. Kò sí ibi tí kì í sí: erùpẹ̀, eruku, omi ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ló ti pàdé rẹ̀ láìmọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ojú, pàápàá ojú ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ó lè jẹ awọ gaara tó wà níwájú ẹyinjú títí ojú náà á fi fọ́. Bó bá sì jẹ́ ara ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti gba agbára ìdáàbòbò rẹ̀ ló wọ̀, ó lè dé ọpọlọ.

Ẹ̀kẹta, Balamuthia mandrillaris, ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kàn jù. Ní 1986 ni wọ́n rí i nínú ọpọlọ ọ̀bọ mandrill kan tó kú ní ọgbà ẹranko San Diego. Ní 1993 ni Govinda Visvesvara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà tó di 2003 ni ìròyìn jáde pé wọ́n rí i láàyè nínú erùpẹ̀ ìkòkò òdòdó, ní California, nílé ọmọdé kan tí àrùn náà pa. Ojú egbò ló máa ń gbà wọlé, tàbí kí ènìyàn fa eruku tó wà nínú rẹ̀ símú. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá mú, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló ń kú.

Mo mọ èsì tí mo máa ń gbọ́ bí mo bá dé ibí yìí: pé àrùn ilẹ̀ gbígbóná nìwọ̀nyí, òtútù ti bá wa lé wọn lọ. Èsì yìí ni mo fẹ́ bá jà, nítorí ìtàn kò gbè é.

Ẹ wo ìlú Ústí nad Labem, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà. Láàárín 1962 sí 1965, àwọn ọ̀dọ́ 16 ló kú lẹ́yìn tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún ìwẹ̀ inú ilé kan ṣoṣo. Ní 1968 ni àwọn olùṣèwádìí Červa àti Novák gbé e jáde fún aráyé pé àmíbà ló pa wọ́n. Ó tún pẹ́ sí i kí wọ́n tó rí àmíbà náà nínú àlàfo kan lẹ́yìn ògiri tí wọ́n mọ sínú adágún náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ronú láti wò. Ẹ wo Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọbìnrin kan ti kú ní 1978 lẹ́yìn tó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó ń ti ìsun gbígbóná ìlú náà wá. Ẹ wo Minnesota, ìpínlẹ̀ tó bá Kánádà pààlà, tí àrùn Naegleria ti mú ọmọdé kan ní 2010, tó sì tún mú òmíràn ní 2012. Kí ti 2010 yẹn tó ṣẹlẹ̀, ibi tí a ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní àríwá jù lọ ní Amẹ́ríkà fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà jìnnà sí ibẹ̀ síhà gúúsù.

Omi ni gbogbo ìyẹn. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn olùṣèwádìí ti rí Acanthamoeba nínú erùpẹ̀ Antarctica, ìròyìn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti 1982. Ní 2018, àwọn ará Japan ròyìn pé àwọn rí Balamuthia láàyè nínú erùpẹ̀ apá àríwá orílẹ̀-èdè wọn, agbègbè tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Balamuthia kò lè gbé ibi tí òtútù ti ń mú, ìròyìn yẹn ni kó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Kí ló dé tí òtútù kò fi pa wọ́n tán? Nítorí pé wọ́n ní èèpo. Bí oúnjẹ bá tán, bí ilẹ̀ bá gbẹ, tàbí bí òtútù bá mú ju bó ṣe yẹ lọ, àmíbà á ká ara rẹ̀ jọ, á sì hun èèpo líle yí ara rẹ̀ ká. Ti Acanthamoeba jẹ́ ìpele méjì. Wọ́n ti tọ́jú irú èèpo bẹ́ẹ̀ sí yàrá àyẹ̀wò fún ohun tó ju ogún ọdún lọ, tí àmíbà inú rẹ̀ sì jáde wá láàyè nígbà tí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ti Naegleria fowleri kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín gidi lè pa á. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ adágún odò kì í di yìnyín. Omi abẹ́ yìnyín máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 °C, èèpo náà sì lè fara da ìyẹn títí ooru á fi padà. Ní orí ilẹ̀ pẹ̀lú, yìnyín tó bá ṣù jọ nípọn ń dá ooru ilẹ̀ dúró. Erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè wà ní ẹ̀bá òdo nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ ti lọ sí ogún sábẹ́ òdo. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ ń pè ní ilẹ̀ dídì kò fi bẹ́ẹ̀ dì fún ẹ̀dá tó ń gbé inú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde láti kọ̀wé yìí, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà wá wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìgbà tí a ti ń bu erùpẹ̀. Ní ilẹ̀ olótùútù, ìgbà tí iṣẹ́ ilẹ̀ bá rọrùn fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń jáde: nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, tàbí nígbà tí ewé bá ti ń wọ́. Ìgbà méjèèjì yìí ni àwọn àmíbà tó fẹ́ràn ooru kéré jù. Ìparí ìgbà ooru, nígbà tí oòrùn ti ràn sí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni wọ́n ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń jáde nínú èèpo. Bákan náà ni ti ibi. Bí a bá pín pápá gbalasa sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí a sì bu díẹ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan, a ti ṣe bó ṣe tọ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe lọ́ràá sí, ṣùgbọ́n àmíbà tí à ń wá kò pín ara rẹ̀ dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ibi tí ooru bá fara pa mọ́ sí ni kí ẹ lọ. Ẹ lọ sí ẹ̀bá ìsun gbígbóná. Ẹ lọ sí ẹrẹ̀ etí odò tí ilé iṣẹ́ amúnáwá ń da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí. Ẹ lọ sórí ilẹ̀ tí páìpù amúlé-móoru gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ibi tí yìnyín kì í dúró lé. Ẹ wọ inú ilé ọ̀gbìn tí wọ́n fi dígí bò. Ẹ sì wo òkìtì ajílẹ̀: inú rẹ̀ lè gbóná ju ìwọ̀n 50 °C lọ láìka yìnyín tó wà lórí rẹ̀ sí, ó sì ní etí kan láàárín gbígbóná àti tútù tó bá gbogbo irú àmíbà lára mu. Òkìtì ajílẹ̀ yìí ń jọ mí lójú púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀gún sì lè ti gún ọwọ́ náà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá bù ú tán ńkọ́? Inú àpótí yìnyín ni gbogbo wa ti kọ́ pé kí a gbé erùpẹ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, ó dára. Fún Naegleria fowleri, ìparun ni. Bó bá ti jáde nínú èèpo tó ń rìn kiri, òtútù tó wà lábẹ́ ìwọ̀n 10 °C ń pa á láàárín wákàtí díẹ̀. A óò gbé e dé yàrá àyẹ̀wò, a óò fún un lóúnjẹ, a óò fi sínú ooru, a óò sì dúró títí. Òkú ni à ń dúró tì. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi gbin àmíbà rìn bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ṣe rí, kí ó sì dé kíákíá. Èyí tí ẹ fẹ́ fi wá DNA, àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú ẹ̀dá alààyè, nìkan ni kí ẹ gbé sínú fìrísà. Ìpín méjì láti inú àpò kan náà. Kò gba wàhálà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwo ágà, ìyẹn àwo tí a da ohun bíi jẹ́lì sí kí ẹ̀dá kéékèèké lè hù lórí rẹ̀, ló wá kàn. Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù tó sì tún ṣeé gbára lé jù ni kí a fi bakitéríà E. coli tẹ́ orí ágà tí kò ní oúnjẹ kankan nínú, kí a da erùpẹ̀ díẹ̀ sí àárín rẹ̀, kí a sì máa fi máíkírósíkóòpù wo etí ibi tí àmíbà ti ń jẹ bakitéríà náà lọ síwájú. Ìwọ̀n ooru tí a gbé àwo yìí sí ló ń pinnu ohun tí a óò rí. Àwọn kan máa ń gbé gbogbo àwo wọn sí ìwọ̀n 42 sí 44 °C nítorí pé Naegleria fowleri lè fara da 45, kí àwọn yòókù lè kú kúrò lọ́nà. Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé awọ iwájú ẹyinjú tutù ju inú ara lọ. Nǹkan bí ìwọ̀n 32 sí 34 °C ni. Acanthamoeba tó lè fọ́ ojú kò ní láti fẹ́ràn ooru ara, ká má tíì wá sọ ti 42. Ní ilẹ̀ olótùútù gan-an ni irú èyí yóò ti pọ̀ jù, àwo tó gbóná jù sì ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí i láéláé. Ẹ gbé àwo sí 30, sí 37 àti sí 44, ẹ sì jẹ́ kí ti 30 pẹ́ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ tún rántí pé rírí àmíbà ní 44 kò tíì parí ọ̀rọ̀. Naegleria lovaniensis, tí wọ́n fi orúkọ Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ, ń hù dáadáa ní ooru yẹn, ó sì jọ fowleri bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ẹni tó bá dá ìlú rú nítorí lovaniensis ti ṣe ibi fún iṣẹ́ tí à ń ṣe yìí.

Balamuthia ní tirẹ̀ kò jẹ bakitéríà. Gbólóhùn kúkurú yìí ló fa ọ̀pọ̀ nínú “a kò rí i” tí à ń kà nípa rẹ̀. Àwọn àmíbà kéékèèké mìíràn ló ń jẹ, tàbí ohun ara ẹranko. Nítorí náà, àwo tí a fi E. coli tẹ́ kò ní oúnjẹ fún un, àyàfi bí àwọn àmíbà mìíràn bá kọ́kọ́ hù níbẹ̀ tí òun náà wá ń jẹ wọ́n. Ó sì lọ́ra: ó lè gbà á ní ọjọ́ kan sí méjì kó tó pín sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ènìyàn ń fi wò ó. Yàrá àyẹ̀wò tó bá da àwo rẹ̀ nù lọ́jọ́ keje kò tíì wá Balamuthia rárá, ohun yòówù tí ì báà kọ sínú ìwé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti fi àwo sílẹ̀, ẹ ti gbé ọkàn yín lé PCR, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ kí a lè rí i, ó sì ní ìdí. Láti 2006 ni àwọn olùṣèwádìí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìlànà kan jáde tó lè wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú ohun tí wọ́n gbà lára aláìsàn. Ṣùgbọ́n omi ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn kì í ṣe erùpẹ̀. Ilẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, tí ewé ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kún fún ásíìdì húmíìkì, èyí tó sọ ọ́ di dúdú. Ásíìdì yìí a máa bá DNA jáde, a sì máa so ẹ́ńsáìmù PCR lọ́wọ́. Ẹ̀rọ á wá sọ pé kò sí nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni kò lè ṣiṣẹ́. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ bu DNA mìíràn tí ẹ mọ̀ sínú ìgò kọ̀ọ̀kan; bí ìyẹn náà kò bá hàn, ẹ̀rọ ló dákú, kì í ṣe ilẹ̀ ló mọ́. Ẹ là DNA tí ẹ yọ nínú ilẹ̀ náà lómi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe. Púrótéènì BSA pẹ̀lú máa ń tú ẹ́ńsáìmù náà sílẹ̀.

Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni ìwọ̀n erùpẹ̀ tí à ń lò. Ọ̀pọ̀ ohun èlò tí wọ́n ń tà fún yíyọ DNA nínú ilẹ̀ kì í gbà ju ìdámẹ́rin gírámù lọ. Ìdámẹ́rin gírámù láti inú ọgbà kan! Bí èèpo Balamuthia mẹ́wàá bá wà nínú ọ̀gọ́rùn-ún gírámù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà lọ́pọ̀ ìgbà láìbá ọ̀kan pàdé. Ẹ fi omi fọ erùpẹ̀ tó pọ̀, ẹ jẹ́ kí iyanrìn rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ ayípo kó ohun tó ṣẹ́kù jọ, kí ẹ tó yọ DNA. Àwọn tó sì ń ka jíìnì gbogbo ẹ̀dá inú ilẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n mọ̀ pé jíìnì 18S, èyí tí wọ́n fi ń dá irú ẹ̀dá mọ̀, ti Acanthamoeba gùn ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀dá lọ, ó ju lẹ́tà 2,300 lọ, ó sì rọrùn fún ìlànà tí wọ́n ṣe fún gbogbogbòò láti fò ó dá.

PCR tún ní àléébù kan tí kò ní kúrò: kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. DNA àmíbà tó kú ní ọdún tó kọjá lè ṣì wà nínú ilẹ̀ tútù, nítorí òtútù kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí àwo àti PCR máa rìn pọ̀. Èyí tó bá hù lórí àwo, kí PCR sọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí PCR bá sì kọ́kọ́ rí, kí àwo sọ bóyá ó wà láàyè.

Gbogbo èyí ni ẹ lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn pẹ̀lú ìdánwò kan tí mo gbà pé kò yẹ kí yàrá àyẹ̀wò kankan máa ṣiṣẹ́ láìṣe. Ẹ mú erùpẹ̀ ilẹ̀ yín, ẹ fi ooru pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ka èèpo Acanthamoeba ẹgbẹ̀rún kan sínú apá kan, ọgọ́rùn-ún sínú apá kejì, mẹ́wàá sínú ẹ̀kẹta, kí ẹ sì fi apá kẹrin sílẹ̀ lófìfo. Ẹ fún òṣìṣẹ́ yín láìsọ èyí tí ó jẹ́ èwo. Iye tó kéré jù lọ tó bá rí ni kí ẹ kọ sí abẹ́ gbogbo “a kò rí i” tí ẹ bá máa kọ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ ṣe é fún irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí amọ̀, iyanrìn àti ilẹ̀ dúdú kò ní fún yín ní nọ́ńbà kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn àrùn yìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá fún ọgbà rẹ̀ nítorí lẹ́tà yìí. Wọn kì í ràn bí ọ̀fìnkìn láti ara ẹnì kan sí èkejì, ẹni tó mu omi tí Naegleria wà nínú rẹ̀ kò sì ní kó àrùn náà láti ẹnu. Bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó gan-an ló ń fa ikú, nítorí pé dókítà kì í ronú kàn án. Aláìsàn á wọlé pẹ̀lú orí fífọ́, ibà àti ọrùn líle, wọ́n á pè é ní yírùnyírùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ oògùn bakitéríà. Naegleria sábà máa ń pa ènìyàn láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí àmì bá ti hàn. Bí dókítà náà bá ti kà á rí pé wọ́n rí àmíbà yìí nínú ilẹ̀ agbègbè rẹ̀, ó lè ní kí wọ́n gbé omi ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n wò ó bóyá nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní California, aláìsàn kan tí Balamuthia wà nínú ọpọlọ rẹ̀ yè ní 2021 lẹ́yìn tí àwọn dókítà fi nitroxoline kún oògùn rẹ̀, oògùn tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ní Yúróòpù fún àrùn ọ̀nà ìtọ̀. Oògùn ń bẹ. Orúkọ àrùn náà ni kì í tètè dé.

Wíwá àmíbà a tún máa mú ohun tí a kò retí wá. Ní 1980, Rowbotham, olùṣèwádìí kan ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé inú àmíbà adágbé ni bakitéríà Legionella, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ti ń pọ̀ sí i. Ní 1992, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró ní Bradford, wọ́n rí nǹkan kan nínú àmíbà tí wọ́n pè ní bakitéríà fún ọdún púpọ̀. Ní 2003 ló hàn sí ayé pé fáírọ́ọ̀sì òmìrán ni. Ní 2014, wọ́n tún jí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ dìde láti inú ilẹ̀ dídì Siberia tó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 30,000 ọdún, Acanthamoeba sì ni wọ́n fi fà á jáde. Kì í ran ènìyàn. Àmíbà ló ń pa. Ilẹ̀ olótùútù ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ní ti owó, n kò ní tan yín pé kò sí ìnáwó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ágà, E. coli àti àpótí amúgbóná ti wà lọ́wọ́ yín. Àkókò òṣìṣẹ́ ló wọ́n jù, mo sì mọ̀ pé títẹjú mọ́ àwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í dùn mọ́ ẹni tó ń wá èsì kíákíá. Faransé ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá núkílíà wọn ní láti máa ka Naegleria fowleri nínú odò, kò sì gbọdọ̀ ju 100 lọ nínú lítà kan. Odò ni wọ́n ń kà. Ilẹ̀ ni kò tíì rí ẹni tó máa kà á bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe da àmíbà tí ẹ bá rí nù. Ẹ tọ́jú wọn, ẹ kọ irú tí wọ́n jẹ́ sí wọn lára, T4 ni tàbí òmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí yàrá àyẹ̀wò mìíràn lè béèrè fún wọn. Irú Acanthamoeba tí a ti mọ̀ lé ní 20 báyìí, T4 ló sì ń fa àrùn jù lọ; bí ti ilẹ̀ yín bá yàtọ̀, ó yẹ kí a mọ̀. Èkejì ni pé kí ẹ bá àwọn ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ àwọn tó kú tí wọ́n tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ pa mọ́, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé yírùnyírùn tí a kò mọ orírun rẹ̀ ló pa wọ́n. Ní Virginia, nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ irú rẹ̀ wò, wọ́n rí àmíbà nínú ti ẹnì kan tó ti kú láti 1937.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ìgbà ooru tó ń bọ̀ yìí, pẹ̀lú ibi mẹ́wàá péré tí ooru fara pa mọ́ sí ní agbègbè yín. Ẹ ṣe ìdánwò erùpẹ̀ mẹ́rin yẹn kí ẹ tó jáde. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, èmi yóò sì wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ kà á, tí yóò sì gbà á gbọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀